Ọjọ́ Méjì ní Ọ̀tà: Oúnjẹ, Ààfin àti Ohùn Kan Náà

Ìlú ilé-iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Ọ̀tà Àwórì sí lónìí. Ọkọ̀ akẹ́rù kún ojú ọ̀nà rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ kò sì dákẹ́ níbẹ̀. Ó wá yẹ kí àwa tí a fẹ́ràn àṣà àti ipò ọba béèrè pé: kí ni ó ń kù nínú ìlú nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá gba oko rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni ó gbé èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi kúrò ní Ìgànà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí Onígbòlò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, kò jìnnà sí wa. A gba Pobẹ̀, Sàkété àti Ìgòló kọjá, a dé Ìdí-Ìrókò. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ìlú Paris ní ọdún 1889 ni ó fi ẹnubodè sáàárín wa. Ọba wa kankan kò fọwọ́ sí i.

Ní ọ̀wúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi béèrè àkàsà lọ́wọ́ obìnrin olóúnjẹ kan. Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ̀kọ ni ẹ ń wí, Màmá.” Ó tú ewé, ó gbé mọ́ínmọ́ín tì í. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó yíjú sí mi: “Baba wọn, ògì ilé wa nìyí.” Làwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: iye ọjọ́ tí àgbàdo ń lò nínú omi, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, bí a ṣe ń sẹ́ ẹ tí yóò fi tòrò. Ìyàwó mi ní ẹja díndín àti ata gígún ni àwa fi ń jẹ ẹ́. Wọn kò fi Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì bọ ọ̀rọ̀ náà rárá.

Nígbà tí a dé iwájú ààfin Ọlọ́tà, a kúnlẹ̀, a kí ilé. Bàbá àgbà kan béèrè ibi tí a ti wá. Bí ó ti gbọ́ Pobẹ̀, ó ní: “Ará ilé ni yín.” Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ó kọ́kọ́ bi wá léèrè. Kétu ń jó o, Ọ̀tà ń jó o. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ ní ogún ìṣẹ̀ǹbáyé fún gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n kọ sí i, Benin, Nàìjíríà àti Tógò, ṣùgbọ́n ìyá kan náà ni a fi ijó náà ń bọlá fún.

Ìdáhùn tí mo rí ni pé ilé-iṣẹ́ lè gba oko, kò lè gba èdè àfi bí a bá fi sílẹ̀. Àwọn ọmọdé tí mo kí ní àdúgbò ààfin fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Faransé ni àwọn ọmọ-ọmọ tèmi ń sọ. Bí wọ́n bá pàdé lọ́la, kí ni wọn yóò fi kí ara wọn? Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń gbé oúnjẹ fún ọmọ, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ní ìrìn-àjò tó ń bọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ wa ni yóò fi ẹnu ara wọn béèrè ẹ̀kọ.