Ọkọ̀ Oníkílọ́ọ̀ṣì

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, tí a sì ń pa á fún ẹlòmíràn bí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́, ìlú Houston níhìn-ín, lábẹ́ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan báyìí, ni ó ti yé wa.

Àwa mẹ́ta ni a ni ọkọ̀ náà. Owó àjọ ni a fi rà á. Àwa méjì tí a ń kọ ìwé yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ẹni kẹta ni ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Iṣẹ́ tí a ń fi ọkọ̀ náà ṣe kò ní ṣòro láti yé ọmọ Yorùbá. A ń ra ọkọ̀ àlòkù níbi tí wọ́n ti ń ta á ní gbàǹjo ní apá àríwá ìlú, a ń gbé e sórí tírélà pẹlẹbẹ, a sì ń fi píkọ́ọ̀pù fà á lọ sí Barbours Cut, èbúté kọ̀ǹténà tí ó ti wà ní Morgan's Point láti ọdún 1977. Ibẹ̀ ni ó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi, tí yóò fi di tòkunbọ̀ ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n ń wakọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́rú. Àwa méjì a pín ọjọ́ tí ó kù. Ẹni tí ó bá jáde lọ́jọ́ kan ni ó ń gba owó ìwakọ̀ ọjọ́ náà, kí a tó wá pín èrè.

Dodge Ram ti ọdún 1997 ni ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì Cummins onípísítìnì mẹ́fà, tí ó tó líta 5.9, tí ó sì ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó mọ ẹ́ńjìnnì yìí mọ̀ pé kì í tètè kú. Gíà ọ̀tómátíìkì ni a bá lára rẹ̀ nígbà tí a rà á, ẹ̀ẹ̀mejì ni gíà náà sì jóná mọ́ wa lọ́wọ́, ní ọdún 2014 àti ní ọdún 2016. Kí a sọ òtítọ́, ẹ̀bi wa ni. Níbi tí ó yẹ kí a ti kó ọkọ̀ kan sórí tírélà, méjì ni a ń kó. A kò sì pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ní àsìkò. Ọ́ìlì tí ó yẹ kí ó pupa fòò ti dúdú bí omi aró, ó sì ń rùn bí àkàrà tí ó jóná sínú epo. A rí i, a fọwọ́ nu ọ̀pá tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò, a tún dá a padà sí àyè rẹ̀, a gba ọ̀nà èbúté lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà ọ̀tómátíìkì, ohun kan wà tí ó rí bí ìkòkò, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní torque converter. Ẹ fojú inú wo fáànù méjì tí ó kọjú sí ara wọn nínú ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, ọ́ìlì ń ti èkejì. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ọ̀tómátíìkì fi ń gbéra jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wúwo, tí a ń gun òkè, fáànù kìíní a máa sáré ju èkejì lọ, ọ́ìlì a máa gbóná, ooru náà ni ó sì ń ba gíà jẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ tán, àwo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ fúláwíìlì tímọ́tímọ́. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ni gíà ń yí.

Ẹnìkan lè bi wá pé, òkè wo ni ó wà ní Houston? Òtítọ́ ni, ilẹ̀ tẹ́jú ni a wà. Afárá ni òkè tiwa. Láti ibi gbàǹjo lọ sí èbúté, a ní láti gba orí afárá Beltway 8 tí wọ́n ṣí ní ọdún 1982, tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá nínú Ship Channel. Ẹ wá fi oòrùn oṣù kẹjọ kún un.

Nígbà tí gíà jóná lẹ́ẹ̀kejì, a jókòó ní pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n láti gbìmọ̀. Mẹkáníìkì ti dá iye owó lé àtúnṣe, owó náà kò sì kéré. Àwa méjì ti gbà láti san án. Ẹ̀gbọ́n ni ó kọ̀.

Ó ní, "Ẹ yéé dáná sun owó. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀tómátíìkì yìí kúrò, ká fi gíà ọlọ́wọ́ sí i, èyí tí ó ní kílọ́ọ̀ṣì."

Ẹnu yà wá. A ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nígbà náà. Laákùrègbé ti mú orúnkún rẹ̀ òsì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń di ògiri mú bí ó bá ń dìde. Ẹsẹ̀ òsì yẹn gan-an ni a sì fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Houston, awakọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà tí kò lóǹkà kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Bí a bá fi gíà ọlọ́wọ́ sí ọkọ̀ yẹn, Ẹ̀gbọ́n kò ní lè wà á mọ́, ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ lọ́sẹ̀ sì lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan nínú àwa mẹ́ta ni ó mọ gíà ọlọ́wọ́ í lò! Lọ́ọ̀lì Mercedes 911 ni ó wà ní ìgbà èwe rẹ̀, láti Iléṣà gba Ẹ̀fọ̀n Alààyè lọ sí Adó-Èkìtì, pẹ̀lú pákó lẹ́yìn, lórí àwọn òkè tí ẹni tí ó bá ti gbà wọ́n rí kò lè gbàgbé. Àwa méjì ní tiwa, Houston ni a ti kọ́ ọkọ̀. Bí a bá fi gíà sí D, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n dá wa lóhùn pé, "Ẹsẹ̀ mi kọ́ ló ni ọkọ̀. Owó àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ni ín."

Ó wá mú ìwé jáde, ó fi hàn wá pé àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ gan-an mọ ìyàtọ̀. Ní ọdún 1997, ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 180 ni wọ́n fún èyí tí ó bá ní ọ̀tómátíìkì, wọ́n sì fún èyí tí ó bá ní gíà ọlọ́wọ́ ní 215. Ó tún fi gíà kìíní wé ara wọn. Nínú ọ̀tómátíìkì, ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 2.45 kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nínú gíà ọlọ́wọ́ NV4500, ó ń yí ní ìgbà 5.61. Ó ní, "Gíà wo nínú méjèèjì ló lè wọ́ ẹrù?" A kò lè dáhùn. Àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn, a fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n inú wa kò dùn.

A rí ọkọ̀ kan tí ó ti ní ìjàǹbá níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tà, ọdún rẹ̀ bá tiwa mu. Lára rẹ̀ ni a ti tú ohun gbogbo: gíábọ́ọ̀sì, fúláwíìlì, ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì àti ti bírèèkì, irin tí gíà jókòó lé. Àwo kílọ́ọ̀ṣì àti bíárìn ni a ra tuntun, nítorí a kì í fi àlòkù kílọ́ọ̀ṣì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé mẹkáníìkì kan tí ó jẹ́ ọmọ ilé wa, nítòsí Bissonnet, ni a ti ṣe iṣẹ́ náà ní ọjọ́ Sátidé mẹ́rin. NV4500 náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn 200 pọ́n-ùn. Ìgbà tí a gbé e sórí jáàkì, tí a ń tì í kí imú rẹ̀ lè wọ àárín kílọ́ọ̀ṣì, a rí i pé irin kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga ike, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ má fi agbára sí i. Tó bá bọ́ sójú ẹ̀, á wọlé fúnra ẹ̀." Nígbà tí ó bọ́ sójú ẹ̀, ó wọlé.

Ohun tí ó ràn wá lọ́wọ́ ni pé pọ́ǹpù Bosch tí ó ń fún ẹ́ńjìnnì náà ní dísẹ́ẹ̀lì kò ní kọ̀ǹpútà tí ó ń darí rẹ̀. Síbẹ̀ a rí ìyọnu wáyà. Ọkọ̀ ọ̀tómátíìkì kì í sítáàtì àfi bí gíà bá wà ní P tàbí N; a ní láti gbé wáyà yẹn lọ sí ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì. A la ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀ kí ọ̀pá gíà lè jáde. A gbé pùròpẹ́là lọ kí wọ́n bá wa tún gígùn rẹ̀ ṣe. A so wáyà iná ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì sì rí i dájú pé nọ́ọ̀tì gíà karùn-ún dì dáadáa, nítorí àwọn tí ó mọ NV4500 mọ̀ pé nọ́ọ̀tì yẹn lè tú bí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bá ń gbọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ Sátidé kẹrin, nígbà tí iṣẹ́ parí, Ẹ̀gbọ́n ní kí a jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Ó gun ọkọ̀, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, ó fi gíà sí ìkíní, sí ìkejì, sí ìkẹta, láìtan ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀ mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí wa. Kò sọ nǹkan kan. Àwa náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ̀kọ́ wá bẹ̀rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì pa. Ọkọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́ títí ojú fi ń tì wá. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ má wo ọ̀pá gíà. Ojú wà fún ọ̀nà, etí ni ti gíà. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì." Kò pẹ́ kò jìnnà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ owó tún délẹ̀. A ní kí Ẹ̀gbọ́n máa gba owó ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ bí ó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ó fárígá. Ó ní òun kì í gba owó ọjọ́ tí òun kò jáde. A bẹ̀ ẹ́ títí. Ìgbà tí ó yá, ó ní ó dáa, òun yóò máa bá wa jáde. Bí ó ṣe di pé ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́rú, Ẹ̀gbọ́n ń jókòó lápá ọ̀tún nìyẹn, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti omi tútù nínú ike.

Ọpẹ́ ni pé ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kan. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé góńgó afárá Beltway 8, ẹrù wà lẹ́yìn, ni ọkọ̀ gbogbo bá dúró níwájú wa. Táńkà epo kan wà lẹ́yìn wa gbágbáágbá. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ẹni tí ó ń wakọ̀ nínú wa kánjú, ọkọ̀ kú. Ó tún tàn án, ẹrù fẹ́ máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Láyà wa já. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ó ní, "Tẹ bírèèkì. Fi sí gíà kìíní. Fi iná sílẹ̀, má tẹ̀ ẹ́. Rọra máa gbé ẹsẹ̀ òsì, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó gbá a mú yẹn. Ó yá, fi bírèèkì sílẹ̀." Dísẹ́ẹ̀lì náà kùn bí ẹni ń gbé odó, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láìtẹ iná rárá. Nígbà tí a dé orí afárá tí a fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Gíà tí a bá fi gun òkè la fi ń sọ̀. Ẹ̀fọ̀n Alààyè ni mo ti kọ́ ìyẹn." Ó sì mu omi rẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ yọ ọ̀tómátíìkì ọkọ̀ rẹ̀ nítorí tiwa. Àwọn ti òde òní lágbára, ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì, tí kò sì ṣe ojúkòkòrò ẹrù bíi tiwa, yóò gbádùn rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ náà ti yàn: láti ìgbà tí Ram ti dá gíà ọlọ́wọ́ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ọdún 2018, kò sí píkọ́ọ̀pù onídísẹ́ẹ̀lì tuntun kan tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà tí ó ní kílọ́ọ̀ṣì. Èyí tí ó bá wà nílẹ̀ ni ó wà.

Ọkọ̀ wa ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ti padà sílé, ó wà ní Iléṣà. Bí a bá pè é lórí fóònù, kí ó tó béèrè àlàáfíà, a máa béèrè pé, "Gíà wo lẹ wà?" Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ìjẹta, bí ọ̀kan nínú wa ti ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún òsì rẹ̀ dún. Ó di ògiri mú. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó ń bọ̀, a ó mú àwọn ọmọ wa lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa yẹn. Wọ́n ti ń rojọ́ pé kí ni àwọn fẹ́ fi kílọ́ọ̀ṣì ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó. Ọwọ́ wa ṣì wọ kèǹgbè díẹ̀ báyìí. Kí ó tó di pé kò wọ̀ ọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí tiwọn ti tó pẹpẹ.