Abọ́ ìrẹsì kan dá wàhálà sílẹ̀ ní Táíwán

Àwọn tó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ò tó nǹkan, kí wọ́n gbọ́ èyí ná. Lọ́dún 2011, Hau Lung-bin, ẹni tó jẹ́ olórí ìlú Taipei nígbà yẹn, ní kí wọ́n pín ẹgbẹ̀rún kan (1,000) abọ́ ìrẹsì lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn èèyàn. Kì í ṣe ọdún, kì í ṣe ìbò. Ìwé kan ló sọ pé ibòmíì ni ìrẹsì ọ̀hún ti wá, inú sì bí wọn.

Lu rou fan lorúkọ ìrẹsì náà. Kì í ṣe oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì ńlá rárá. Búkà kékeré àárín àdúgbò ló ń gbé, níbi tí tábìlì ò ti pọ̀, tí ẹni téèyàn ò mọ̀ rí lè wá jókòó tì í, tí oúnjẹ á sì ti dé kó tó nu ojú tán. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó lọ́ràá tó sì láwọ ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́. Wọ́n á da àlùbọ́sà tí wọ́n ti dín sí i, pẹ̀lú omi sóyà dúdú, ọtí ìrẹsì, ṣúgà díẹ̀ àtàwọn èròjà olóòórùn dídùn. Iná jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fi sè é títí ẹran á fi rọ̀, tí omi ẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ètè, kí wọ́n tó dà á lé ìrẹsì gbígbóná.

Ẹni tówó ẹ̀ bá gbé e á fi ẹyin sísè kún un, tàbí ewé ọ̀dùnkún tí wọ́n fi áyù dín. Ewé yẹn kan náà, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi bọ́ láyé ọjọ́un! Oúnjẹ ìgbà ìṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀: ọ̀rá àti awọ tí olówó ò kà sí làwọn ìyá ń sè, kí ẹran díẹ̀ lè kárí ọmọ púpọ̀.

Ibo wá ni ìjà ti wọ̀ ọ́? Nínú èdè wọn, ọ̀tọ̀ ni «lu» tó túmọ̀ sí kéèyàn se nǹkan pẹ́ nínú omi sóyà, ọ̀tọ̀ ni «lu» tó jẹ́ orúkọ kúkúrú fún ìpínlẹ̀ Shandong ní Ṣáínà. Wọ́n dún bákan náà, àmọ́ àmì tí wọ́n fi ń kọ wọ́n yàtọ̀. Ti Shandong yìí ni ọ̀pọ̀ oníbúkà ń kọ sára pátákó. Nígbà tí ìwé àwọn arìnrìn-àjò tí Michelin, àwọn onítáyà ilẹ̀ Faransé, ń ṣe wá dé Táíwán, pátákó ló tẹ̀ lé, ló bá ní oúnjẹ Shandong ni. Bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé àárín Ṣáínà àti Táíwán ò gún.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìrẹsì náà ò wọ́n, abọ́ ẹ̀ ò sì tóbi. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tọ́ ọmọ yè lásìkò ìyà, ṣé ó wá yẹ kí wọ́n gbé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ fún ará òkèèrè? Táíwán ní rárá o.