Àga Bíṣọ́ọ̀bù Oǹdó Wà ní Àkúrẹ́



Nínú ìrìn àjò wa, ìlú Oǹdó ni a kọ́kọ́ dé. A béèrè ọ̀nà kàtídírà Ìjọ Àgùdà lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan, nítorí pé "Dáyósíìsì Oǹdó" ni a ti máa ń gbọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ kò tíì dé ibẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Àkúrẹ́ ló wà." A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a tún wọkọ̀.

Kí ló dé tí orúkọ jẹ́ ti Oǹdó, tí àga sì wà ní Àkúrẹ́? Ẹ jẹ́ kí a rántí pé láyé àwọn òyìnbó, láti 1915, Àkúrẹ́ ni olú ìlú fún gbogbo ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Oǹdó. Ní 1943, Ìjọ Àgùdà pa Oǹdó àti Ìlọrin pọ̀ sábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Thomas Hughes. Ní 1950 ó di Dáyósíìsì Oǹdó. Èkìtì kúrò lára rẹ̀ ní 1972. Ní 1976 ni ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ náà ni wọ́n sì fi ṣe olú ìlú.

A dé Kàtídírà Ọkàn Mímọ́ Jésù. Kì í ṣe títóbi ilé ni ó ń sọ ọ́ di kàtídírà o. Àga bíṣọ́ọ̀bù tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Hughes kú ní 1957. William Field tẹ̀ lé e ní 1958. Ní 1976 ni ó kan ọmọ ilẹ̀ wa, Francis Alonge, kí Jude Arogundade tó gorí àga ní 2010. Lára èso iṣẹ́ wọn ni àwọn ilé ìwé bí Aquinas College ní Àkúrẹ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1951, àti St. Joseph's College ní Oǹdó.

Bí a ti dúró níbẹ̀, a rántí àwọn tí kò rí ilé náà rárá. Hughes àti Field jẹ́ ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA, tí Bíṣọ́ọ̀bù Brésillac, ará Faransé, dá sílẹ̀ ní 1856. Ní 1859 ó gúnlẹ̀ sí Freetown. Kò tó oṣù méjì tí ibà fi pa á. Kò fojú kan ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó pẹ̀lú, kí fadá tó wá máa gbé ibẹ̀, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, Pa Antonio, tí ó ti Brazil dé, ni ó ń kó àwọn èèyàn jọ fún àdúrà. Àwọn tí ó ti Brazil àti Cuba padà wálé bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní Àgùdà.

Ní June 5, 2022, ọjọ́ ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, tí àwa náà wà nílé ìsìn tiwa, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, lábẹ́ dáyósíìsì yìí kan náà. Ó kéré tán, ogójì ènìyàn ni ó kú. Ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, a tún ilé náà ṣe, àwọn èèyàn sì padà síbẹ̀ ní Ọjọ́ Àjíǹde 2023.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí a rí kọ́ nìyí: ògiri ṣeé wó, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbàdúrà ni ìjọ. Ìjọ tiwa ńkọ́? Ta ni ó kọ́kọ́ ṣí pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé? Ta ni ó ru búlọ́ọ̀kù? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti darúgbó. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ bá wọn, kí ẹ béèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa.

Kí Olúwa tu gbogbo ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ní Ọ̀wọ̀ nínú, kí ó sì máa ṣọ́ ìwọlé àti ìjáde wa. Àmín.