Ọkọ̀ Ìbejì àti Ẹrù Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwa Yorùbá fi ń pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ń gbé ènìyàn rìn, ọ̀rọ̀ náà sì ni ọkọ̀. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀bá òpópónà márosẹ̀ ní Ìbafò ní ìdájí yóò rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ súà, tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Ẹni tí ó bá dé Ìfọ̀ yóò rí ojú irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì là gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901. Ọkọ̀ ni àwọn baba wa pe ohun tí ń sáré lórí rẹ̀, wọ́n fi ojú irin kún un, ó parí. Èyí tí ń fò kọjá lókè orí wa ní Mówè, ọkọ̀ òfurufú ni. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí ó ni orúkọ yìí kí gbogbo ìyókù tó yá a lò ni igi tí a gbẹ́, tí a tì sínú omi. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, Odò Ògùn ni epo pupa, ekùrọ́ àti òwú àwọn Ẹ̀gbá ń gbà lọ sí ọ̀sà, tí wọ́n sì ń ti ọ̀sà dé Èkó. Àwa tí a ń gbé agbègbè yìí lónìí ti kọ ẹ̀yìn sí odò náà, òpópónà ni a kọjú sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó mú kí n tún kọjú sí omi. Mówè ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ará Ìfọ̀ ni bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ òkun nínú ìdílé méjèèjì. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ọmọ náà ti wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń ta ìgbòkun lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù.

“Bọ̀ọ̀dá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Màámi sọ̀rọ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ra ọkọ̀ kékeré kan, a fẹ́ fi í la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí Trinidad.”

Mo bi í bí ọkọ̀ náà ti gùn tó. Ó ní mítà 8 ni. Bọ́ọ̀sì gbọ̀ọ̀rọ̀ tí ń kó èrò lọ sí Èkó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé owó bàálù ni ọmọ òun kò ní.

Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni catamaran. Àwọn kọ́ ni wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà; inú èdè Tamil, ní gúúsù Íńdíà, ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni igi tí a so pọ̀. Ọkọ̀ ìbejì ni n óò máa pè é níhìn-ín, nítorí pé ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí a fi igi ìdábùú so pọ̀, tí òpó ìgbòkun sì wà láàárín wọn. Ọkọ̀ ẹlẹ́yọ kan tí wọ́n fi ń ta ìgbòkun lójú òkun máa ń ní irin tàbí òjé tó wúwo nísàlẹ̀. Bí ìgbì bá yí i ṣubú, òjé náà a tún fà á dìde. Ọkọ̀ ìbejì kò ní òjé. Àyè tí ó wà láàárín Táyé àti Kẹ́hìndé ni kò jẹ́ kí ó ṣubú. Ó fúyẹ́, ó ń yára, kì í fì sọ́tùn-ún sósì bíi ti ẹlẹ́yọ kan, omi tí kò jìn sì gbà á. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá lè dojú rẹ̀ dé, kò sí ohun tí yóò yí i padà mọ́. Yóò kàn léfòó bẹ́ẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò sì máa wá ihò tí wọn yóò gbà jáde.

Ẹ má rò pé àṣà tuntun ni. Àwọn ará erékùṣù inú Òkun Pàsífíìkì ti fi irú ọkọ̀ yìí rin ọ̀nà jíjìn kí òyìnbó kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn ènìyàn kan sọ pé èèṣì ni afẹ́fẹ́ gbá wọn káàkiri, àwọn ará Hawaii kan Hōkūleʻa, ọkọ̀ ìbejì ńlá kan, wọ́n sì fi í lọ sí Tahiti ní ọdún 1976. Mau Piailug tí ó tọ́ wọn sọ́nà kò lo kọ́ńpáàsì. Ìràwọ̀ àti ìrìn ìgbì ni ó ń wò. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1954, James Wharram, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò lówó lọ́wọ́, ti kan ọkọ̀ ìbejì tirẹ̀, Tangaroa, tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 23 àbọ̀ lọ. Òun àti obìnrin méjì ọmọ Jámánì gbéra ní ọdún 1955, wọ́n sì la Àtìláńtíìkì kọjá dé Trinidad. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kan òmíràn, Rongo, tí wọ́n fi padà wá sí Yúróòpù ní ọdún 1959. Ọkọ̀ tí Rory McDougall fi yí ayé po láàárín ọdún 1991 sí 1997 tún kéré sí Tangaroa: ẹsẹ̀ bàtà 21 péré ni, Wharram yìí kan náà ni ó sì ya àwòrán rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, kí ó gbọ́ ti Hannes Lindemann. Dókítà ọmọ Jámánì ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní Lìbéríà, ibẹ̀ ni ó sì ti mú ọkọ̀ tirẹ̀: igi kan ṣoṣo tí a gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn apẹja etíkun wa ṣe ń gbẹ́ ẹ. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25, ìbú rẹ̀ kò sì pé ẹsẹ̀ bàtà 3. Ó fi pákó bò ó lórí, ó ta ìgbòkun sí i, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Liberia II. Ní ọdún 1955, òun nìkan ṣoṣo gbéra ní Las Palmas, ó sì gúnlẹ̀ ní St. Croix lẹ́yìn ọjọ́ 65. Ọkọ̀ wa, irú èyí tí àwọn ará Ghana ń gbẹ́ láti ara igi tí àwa ń pè ní arère, kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Ẹ̀rù kò tún bà mí púpọ̀ nítorí kíkéré ọkọ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yìí. Ohun tí wọn yóò kó sínú rẹ̀ ni ó wá ń bà mí lẹ́rù.

Mo tọ bàbá kan lọ tí ń wa yanrìn ní etí Odò Ògùn, kò jìnnà sí Ìbafò. Odò náà ní agídí tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ìsédò Ọ̀yán ní ọdún 1983, bí wọ́n bá ti tú omi sílẹ̀ lásìkò òjò, àwọn ará Àkúté àti Ìṣẹri mọ̀ pé ilé lè di erékùṣù. Bàbá yìí kì í fi odò ṣeré. Ọkọ̀ rẹ̀ kún fún yanrìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹtí rẹ̀ kò fi ju ìka mẹ́ta lọ sí omi.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Oòò, ẹ káàbọ̀.”

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ wa fún wọn, mo sì fi ẹsẹ̀ ya ọkọ̀ ìbejì sórí yanrìn. Wọ́n wò ó títí.

“Ṣé alẹ́ ni wọ́n ń dé, àbí wọ́n ń sùn lójú omi?”

“Nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ni, Bàbá. Wọn kò ní rí ilẹ̀.”

Wọ́n tọ́ka sí ọkọ̀ tiwọn. “Bí afẹ́fẹ́ bá dé báyìí, ṣọ́bìrì ni n óò mú. N óò da yanrìn padà sómi, ọkọ̀ á gbérí. Kí ni tiwọn tí wọn yóò dà sómi? Omi mímu?”

Mo dúpẹ́, mo wá sílé, mo sì mú bírò. Ìwé tí ẹni tí ń ta ọkọ̀ náà fún ọmọ wa sọ pé kílò 700 ni ẹrù tí ó lè gbé, ènìyàn pẹ̀lú. Bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, Táyé àti Kẹ́hìndé yóò rì wọlé díẹ̀. Ìgbì yóò máa gbá abẹ́ pákó tí ó so wọ́n pọ̀ bí ẹni ń gbá ìlù, ìyára yóò lọ, ọkọ̀ kò sì ní lè fò lórí omi mọ́ nígbà tí ìjì bá dé. Ènìyàn méjì, kílò 150. Lítà 3 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún ogójì ọjọ́ nítorí pé ọgbọ̀n ọjọ́ lè má tó: lítà 240, èyí tí í ṣe kílò 240. Oúnjẹ, kílò 120. Ìdákọ̀ró méjì pẹ̀lú ṣéènì àti okùn wọn, 70. Ẹ́ńjìnnì kékeré pẹ̀lú epo rẹ̀, 50. Ọkọ̀ rọ́bà tí a ń fẹ́ bíi bọ́ọ̀lù nígbà ewu, 30. Bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti rédíò, 25. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 685. Kílò 15 ni ó kù fún aṣọ, irinṣẹ́, oògùn àti ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Àwa ni a ń to iṣu sórí bọ́ọ̀sì ní Mówè títí yóò fi ga bí òkè. Àwa ni a kì í lọ sílé ẹni lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti fara mọ́ ìrìn-àjò náà lẹ́yìn àdúrà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti kọ ìwé ẹrù tirẹ̀: gaàrì, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, egbòogi, Bíbélì ńlá, àti àdìrẹ Abẹ́òkúta fún àwọn tí yóò gba ọmọ rẹ̀ lálejò ní Trinidad. Mo ní kò sí àyè. Ó ní ta ni mo gbọ́ rí tí ó lọ sí ìdálẹ̀ tí kò gbé nǹkan ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí ó ti rò lọ. Mo mọ ìdí tí ọmọ náà fi yan Trinidad nínú gbogbo erékùṣù. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó gba orí omi náà ní ọ̀rúndún 19 ṣì ní àrọ́mọdọ́mọ níbẹ̀, orúkọ Ṣàngó àti Ògún kò sì kúrò ní ẹnu wọn. Àwọn tí ọkọ̀ ẹrú gbé lọ kò yan ọkọ̀, wọn kò yan ẹrù. Àwọn ni ẹrù. Ọmọ náà kò sọ èyí fún ìyá rẹ̀, èmi náà kò sọ ọ́.

Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò lórí fóònù, ní alẹ́ alẹ́. Ọmọ náà fẹ́ gbé fìríìjì kékeré. Mo ní kò sí ọ̀nà. Ó ní òun lè ra ẹ̀rọ tí ń sọ omi òkun di omi mímu kí òun sì dín omi kù. Mo ní kí ó ra èyí tí a ń fi ọwọ́ fà bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí omi 240 dúró, nítorí pé ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì ni a gé: ó mú èyí tí ó kéré jù ú lọ, a sì rí kílò 20. Ohun mẹ́ta wà tí n kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn. Èkíní ni ẹ̀rọ tí ń ké sí sátẹ́láìtì bí ọkọ̀ bá dànù. Èkejì ni okùn àti ìgbànú tí yóò máa so wọ́n mọ́ ọkọ̀ tọ̀sán tòru, nítorí pé ẹni tí ó bá jábọ́ lóru nígbà tí ẹnì kejì ń sùn ti lọ nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni aṣọ líle tí ó dà bí agboòrùn, tí a ń fi okùn gígùn jù sómi nígbà ìjì, kí ọkọ̀ má baà sáré kọjá agbára rẹ̀ kí ó sì dojú dé. Bí a bá dín omi kù nítorí fìríìjì, orúkọ wo ni a fẹ́ pe ìyẹn?

A kò lè fi kún oúnjẹ, ṣùgbọ́n a lè pàrọ̀ rẹ̀. Ìrẹsì ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ iná, iná sì ń fẹ́ gáàsì tí ó ní ìwọ̀n tirẹ̀. Gaàrì kò fẹ́ iná. Mo fi èyí bá ọmọ náà jiyàn títí ó fi yọ kílò 10 ìrẹsì kúrò, tí gaàrì ìyá rẹ̀ sì gba ipò rẹ̀. Àdìrẹ wọlé pẹ̀lú, ẹyọ kan, nítorí pé aṣọ ni, ó sì lè fi bora. Bíbélì ńlá di kékeré. Èlùbọ́ dúró sílé.

Nǹkan kan tí mo fẹ́ràn nínú ọkọ̀ náà ni pé okùn ni wọ́n fi so igi ìdábùú rẹ̀ mọ́ ọn, wọn kò lo bóòtì irin, bí Wharram ti máa ń ṣe é. Irin máa ń jẹrà níbi tí ojú kò tó. Okùn tí ó bá ń gé, ẹni tí ó ní ojú yóò rí i, yóò sì pààrọ̀ rẹ̀. Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti tú gbogbo okùn náà, wọ́n sì ti tún un so. Wọn kò tí ì ra ìdákọ̀ró kejì. Ìparí oṣù kọkànlá ni wọ́n fẹ́ gbéra láti erékùṣù Canary, nígbà tí ìgbà ìjì ńlá bá ti kọjá ní ọ̀hún.

Ẹ̀gbọ́n mi ti din gaàrì náà. Ó gbé e lọ sórí ìwọ̀n ẹni tí ń ta ẹja inú yìnyín ní ọjà Mówè, kílò 10 géérégé, ó sì di í sí ọ̀nà méjì ọgbọọgba. Ó ní kí n sọ fún ọmọ òun pé ọ̀kan fún Táyé ni, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé.