Àwọn Tí A Kò Kì

Bí ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní ọdún 2005 fún ìrántí àwọn Júù tí iye wọn tó mílíọ̀nù mẹ́fà, tí Adolf Hitler àti àwọn Násì rẹ̀ fi ikú oró pa ní ilẹ̀ Yúróòpù, ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a kọ́ nítorí ìpakúpa náà, láti Jerúsálẹ́mù dé Washington, títí kan èyí tí ó wà ní Cape Town, yóò ti máa kéde ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́: arúgbó wo ni yóò wá jẹ́rìí ohun tí ojú rẹ̀ rí, àwòrán wo ni wọn yóò pàtẹ, fíìmù wo ni wọn yóò fi han àwọn ọmọ ilé-ìwé. Èmi tí mo ń gbé Ọ̀fà Mojò, ilé Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọ́mí, níbi tí ọba pẹ̀lú ìjòyè rẹ̀ ti ń wọ̀yá ìjà níwájú ará ìlú lọ́jọ́ ọdún, a máa fi ara balẹ̀ ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ wọkọ̀ òfúrufú lọ wò ó. Owó ìfẹ̀yìntì kì í gbé ènìyàn dé ibẹ̀.

Nínú gbogbo ètò wọn, kíka orúkọ ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Washington, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1993, nígbà ìrántí wọn lọ́dọọdún, ènìyàn a máa bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a ka orúkọ àwọn òkú sókè, orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn, láìlu ìlù, láìkọrin, láìpa ìtàn ẹnikẹ́ni. Ó lè má ládùn létí àwa tí a ń fi gángan kí ara wa. Ṣùgbọ́n ní àgọ́ àwọn Násì ní Auschwitz, kí ẹlẹ́wọ̀n tó mọ ibi tí òun yóò sùn ni wọ́n ti gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n fín nọ́ńbà sí i lápá, nọ́ńbà náà ni wọ́n sì ń fi pè é títí ikú fi dé. Àwọn tí wọ́n kó láti inú ọkọ̀ ojú irin lọ tààrà sí yàrá afẹ́fẹ́ olóró, nọ́ńbà pàápàá kò kàn wọ́n.

Ní Jerúsálẹ́mù, ní Yad Vashem tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1953, ìwé pélébé kan ni wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ òkú kan: kí ó kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ baba àti ìyá rẹ̀, ìlú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ibi tí ikú ti bá a. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ àti àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn, orúkọ tí ó ti wọlé lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ìyókù ni ó le, nítorí níbi tí wọ́n ti pa baba, ìyá, ọmọ àti aládùúgbò pọ̀ lọ́jọ́ kan, ta ni yóò kù tí yóò mú kálàmù? Ọjọ́ sì ti lọ: ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ti di ẹni 80 ọdún.

Àwa náà kò ṣàìní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nítòsí. Ní ọdún 1945 kan náà tí àwọn ọmọ-ogun Soviet wọ Auschwitz, tí wọ́n bá nǹkan bí 7,000 ènìyàn tí awọ ti lẹ̀ mọ́ egungun wọn, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, kò sì jìnnà sí wa. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan: ọkùnrin, obìnrin, ẹni tí ó jókòó lórí àpótí, ẹni tí ó di ohun ìjà mú, ilà ojú wọn kò dọ́gba, irun orí wọn kò bára mu. Ìtàn ẹnu sọ pé ènìyàn ni wọ́n rí kí wọ́n tó di òkúta. Wọ́n ní ojú, wọn kò ní orúkọ. Ní Jerúsálẹ́mù, orúkọ rẹpẹtẹ ni ó wà tí kò ní ojú mọ́. Méjèèjì pàdé ní Washington, níbi tí wọ́n ti fi fọ́tò àwọn Júù ìlú kékeré kan, Ejszyszki, bo ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè: tọkọtaya, ọmọ ilé-ìwé, ẹbí tí ó wọṣọ ọdún. Ọjọ́ méjì péré ní oṣù kẹsàn-án 1941 ni wọ́n fi run wọ́n.

Ọ̀fà ńkọ́? Ìlú wa mọ ohun tí à ń pè ní ìparun. Nínú àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1880, ogun Ìlọrin, tí Balógun Karara ṣe olórí rẹ̀, dó ti Ọ̀fà. Ìbàdàn wá gbèjà wa. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886, tí ó pàṣẹ kí ogun Kírìjì tú ká, kò sì mú kí ti Ọ̀fà rọlẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìlú tú. Àwọn kan sá gba ọ̀nà Ìkìrun, a pa òmíràn, a kó òmíràn lẹ́rú. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, ìwé tí ìbá ti ṣègbé nígbà tí èyí tí ó kọ́kọ́ kọ sọnù ní Ìlú Ọba, bí kò bá ṣe ti àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, tí ó jókòó tún un kọ kí ó tó jáde ní ọdún 1921. Orúkọ àwọn balógun wà níbẹ̀. Ti ahunṣọ tí ó fi òfì rẹ̀ sílẹ̀ sáré kò sí níbẹ̀.

Oríkì kò gbà wá níbí bí a ti rò. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n àrọ́bá a máa yan ẹni tí yóò gbé pọ̀n. A ń ki baba ńlá, a ń ki akọni, a ń ki ọlọ́lá. Ẹni tí ogun ká mọ́ ọ̀nà oko, tí kò jọba, tí kò joyè, tí ọmọ rẹ̀ sì bá ogun lọ, ẹnu ta ni yóò ti gbọ́ oríkì rẹ̀? Àwọn ìyá tí ń kì wá lówùúrọ̀ lè bínú sí mi, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe rí.

N kò fi ikú kan wé èkejì o. Ìjọba kan ni ó jókòó, tí ó to àkókò ọkọ̀ ojú irin, tí ó kọ́ ààrò ìsunkú, tí ó sì pinnu pé Júù kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ogun Ọ̀fà jẹ́ ìjà ìlú sí ìlú. Ohun tí mo fẹ́ yá lọ́wọ́ wọn kò ju ìwé pélébé náà lọ. A sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí: ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ ìlú lójú mọmọ, wọ́n já báńkì márùn-ún, wọ́n kọ lu àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní 30. Àwọn tí ó bí àwọn òkú náà ṣì wà láàyè, wọ́n lè kọ ọ́.

Kí a tẹ ìwé náà ní èdè wa, kí ó ní àyè fún agbo ilé àti oríkì. Kí a mú un dé Ìkìrun, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sá sí. N kò fẹ́ kí a kó o pamọ́ sí ààfin, kí ti àwọn ìjòyè má baà wà lókè. Ibi tí alápatà àti akẹ́kọ̀ọ́ lè wọ̀ láìbọ́ bàtà ni ó yẹ ẹ́. Kí a sì ka Ìlọrin mọ́ ọn: àwọn náà sin ọmọ sí ẹ̀yìn odi wa, inú ìwé kan náà ni kí orúkọ wọn wà. Lórí èyí ni ariwo yóò ti sọ nígbà tí a bá pe ìpàdé, mo sì ti mọ àwọn tí yóò kọ́kọ́ na ọwọ́.