Ìwọ̀n Iná fún Ewéko Inú Omi

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fẹ́ kí n ra gílóòbù tó ń tàn yòò sórí àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja ní kíláàsì. Mo kọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, Anubias tí a gbìn sínú rẹ̀, ọmọ igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni. Etí odò, lábẹ́ ibòòji, ni ó ti ń hù. Kì í tètè dàgbà. Bí iná bá pọ̀ jù, kò lè lò ó tán. Ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ lára ìkòkò omi ni yóò jèrè rẹ̀, tí yóò bo ewé náà pa. Wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́ ti tó. Ẹja kò kúkú bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tiwa ni ó ń bèèrè. Bí wọ́n bá fẹ́ gbin ewéko pupa, ìgbà náà ni a ó tó sọ̀rọ̀ iná líle.