Ta Ni “Ẹ” Tọ́ Sí? Ohun Tí A Rí Kọ́ Nínú Ìtàn Ilé Ìpàdé Brigflatts

Kò sí ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì tí kò tíì dáhùn ìbéèrè lórí arọ́pò-orúkọ rí. “O” wà fún ẹgbẹ́ ẹni tàbí ẹni tí a jù lọ. “Ẹ” wà fún èèyàn púpọ̀, tàbí fún ẹnì kan ṣoṣo tó jù wá lọ. A ti kọ ọ́ nínú ìdánwò títí ó fi sú wa. Ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n ti lu àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí nítorí irú ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Inú ìtàn ilé ìpàdé kan ní abúlé Brigflatts la ti bá wọn pàdé.

Brigflatts wà lẹ́bàá odò Rawthey, kò jìnnà sí ìlú kékeré Sedbergh, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àgbẹ̀, olùṣọ́ àgùntàn àti àwọn tó ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀ ló ń gbé àgbègbè náà. Ní ọdún 1652, George Fox, tí bàbá òun náà jẹ́ ahunṣọ, dé síbẹ̀, ó sì wọ̀ sílé Richard Robinson. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó wàásù lórí òkè Firbank Fell fún èèyàn tó lé ní 1,000. Ìwàásù rẹ̀ kò le: ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wà nínú olúkúlùkù, nítorí náà kò sí ìdí tí àlùfáà kan fi gbọ́dọ̀ dúró sáàárín. Àwọn tó gbà á gbọ́ ń pe ara wọn ní Ọ̀rẹ́. Àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ló sọ wọ́n ní Quaker, ìyẹn àwọn tí ń gbọ̀n.

Ọdún 1675 ni wọ́n kọ sókè ẹnu ọ̀nà ilé ìpàdé Brigflatts. Ẹ jẹ́ ká fojú òfin ìgbà náà wo ọdún yẹn. Láti 1664 ni ìjọba ti ṣòfin pé tí èèyàn tó ju márùn-ún lọ, yàtọ̀ sí àwọn ará ilé, bá pé jọ láti sin Ọlọ́run lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti rúfin. Títí di 1689 ni wọn kò fi rí ìtura. Síbẹ̀, àwọn ará oko yìí fi òkúta kọ́lé, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sì kọ ọdún sí i fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Nínú ilé náà, kò sí pẹpẹ, kò sì sí àwòrán. Bẹ́ǹṣì ló wà níbẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dákẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sọ sínú rẹ̀ á dìde, á sọ ọ́, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ọ̀gá tàbí ọmọọ̀dọ̀. Kódà, wọ́n ṣe ọgbà kékeré kan sí ìdí àtẹ̀gùn tí àwọn darandaran lè so ajá wọn mọ́. Wọ́n ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ “o” àti “ẹ” wá ńkọ́? Nígbà náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ní méjèèjì bíi tiwa: “thou” fún ẹnì kan, “you” fún èèyàn púpọ̀ tàbí fún ọ̀gá. Àwọn Quaker kọ̀ láti pe ẹnì kan ní “you”, ìbáà ṣe adájọ́. Wọn kì í sì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni. Ní 1656, ilé ẹjọ́ ní Launceston bu owó ìtanràn lé Fox lórí fìlà yìí. Àlàyé wọn ni pé nígbà tó jẹ́ “thou” la fi ń gbàdúrà sí Ọlọ́run, ta ni èèyàn tí yóò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ní 1660, Fox, John Stubbs àti Benjamin Furly tẹ odidi ìwé kan jáde, tó ń fi èdè púpọ̀ hàn bí ẹyọ ṣe yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gírámà, iṣẹ́ yín ti pẹ́ láyé!

Àwa náà kò jìnnà sí ìjiyàn yìí. Nínú Bíbélì Yorùbá, “ìwọ” ni Ọlọ́run. Àwọn ará Oǹdó tó wà láàárín wa sì mọ̀ pé nínú ẹ̀ka-èdè ilé wọn, “ẹ” ọ̀wọ̀ kò gbilẹ̀ bíi ti Ọ̀yọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọmọ Oǹdó kò mọ àgbà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára rèé. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a lọ, jáńbáìtì kan dìde, ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi owó ẹgbẹ́ ṣe. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, “ẹ” ló fi bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀. Ẹnì kan jágbe mọ́ ọn látẹ̀yìn pé, “Jókòó jàre! Ta ló bi ọ́?” Ó jókòó. A kò rí i ní ìpàdé mọ́, kò sì sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Nígbà tí a ń jíròrò rẹ̀, àwọn kan nínú wa ní kí á pa “ẹ” tì bíi ti Quaker. Àwọn yòókù kò gbà, a ò sì rò pé ó yẹ kí wọ́n gbà. “Ẹ” kọ́ ló lé ọmọ náà jókòó. Ohun tó lé e ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀wọ̀ ń gbà. Bẹ́ẹ̀, ìyàwó ilé kì í dárúkọ ọmọdé tó bá nílé ọkọ; Yorùbá ti mọ bí àgbà ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọmọdé tipẹ́. Ẹ tún wo ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì já sí: “thou” ló kú, “you” ló kù. Wọn kò rẹ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Gbogbo wọn ló di “ẹ”.

Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan Yorùbá kan Quaker. Hannah Kilham, obìnrin Quaker, ló tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn èdè tí wọ́n ń sọ ní Sàró jáde ní 1828. Èdè Aku, ìyẹn Yorùbá tiwa, wà nínú rẹ̀, ọdún 15 ṣáájú ìwé ọ̀rọ̀ tí Àjàyí Crowther tẹ̀ ní 1843. Ó gbà pé èdè abínibí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ. Ẹnu àwọn èèyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, nígbà tí àwọn mìíràn kò kà wọ́n sí ẹni tó lè kọ́ni ní nǹkan kan.

Àbá mẹ́ta la fẹ́ gbé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ tiwa. Kìíní, ẹnikẹ́ni tó bá dìde sọ̀rọ̀, “ẹ” ni yóò jẹ́ títí yóò fi jókòó, ìbáà ṣe jáńbáìtì. Èkejì, kí á dákẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fèsì. Ẹ̀kẹta, kí akọ̀wé ka ìpinnu sókè kí a tó túká, bí àwọn Quaker ṣe ń ṣe, kí ìbéèrè má baà sọ nù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó ti jáde, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni jáńbáìtì ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tiyín?